Wọn Ò Gba Asylum Ọmọ Wa, Kí Ló Kàn? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ará ilé ní Òṣogbo

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní ìtòsí Ọláìyá. Ẹni tó wá ṣe fọ́tókọ́pì a máa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà mìíràn, a ní, "Ẹ bá mi wo nǹkan tọ́mọ yìí fi ránṣẹ́." Lẹ́tà ìjọba ilẹ̀ òkèèrè lórí asylum ni, ìyẹn ààbò tí ẹni tó sá kúrò nílẹ̀ rẹ̀ ń béèrè nílẹ̀ mìíràn. Wọ́n ti yà á ní fọ́tò, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lẹ́yìn ìyẹn ni mo kó jọ síhìn-ín. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ohun tí lẹ́tà ń wí, kí ará ilé má baà fi ìfẹ́ ba ẹjọ́ ọmọ wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba pọ̀ níbí ju ti ibòmíì lọ, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú lẹ́tà tí mò ń rí ti ń wá.

Òfin wọ̀nyí ń yí. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba Ìlú Ọba kéde pé òun máa tún ètò asylum àti ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣe. Òfin tuntun tí European Union fọwọ́ sí ní 2024 náà, oṣù Kẹfà 2026 ni wọ́n dá fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí lẹ́tà ọwọ́ ọmọ yín bá dárúkọ iye ọjọ́ tó yàtọ̀ sí èyí tí mo kọ, ti lẹ́tà ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi pè lálẹ́ àná, ó ń sunkún pé wọ́n ti kọ òun. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ní kó ya lẹ́tà náà ní fọ́tò láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Ojú ewé àkọ́kọ́ tó gbé "a kò gbà" ni wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ nìkan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ohun tó wúlò wà: ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àti ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún un.

Ọjọ́ náà kì í pọ̀. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ 14 ni ẹni tó wà nílẹ̀ wọn ní, wọ́n á sì kà á láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ní Kánádà, ọjọ́ 15 ló ní láti fi sọ fún Refugee Appeal Division, ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀, pé òun fẹ́ pẹjọ́. Ní Jámánì, ọ̀sẹ̀ 2 ni bí wọ́n bá kàn ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó hàn gbangba pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, ọ̀sẹ̀ 1 péré ni, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìbẹ̀bẹ̀ pàjáwìrì kún un kí wọ́n má baà lé e lọ kí ẹjọ́ tó parí. Bí ọmọ yín bá wà ní Jámánì, ẹ béèrè àpò ìwé aláwọ̀ ìyẹ̀yẹ́ tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mú lẹ́tà wá ti kọ ọjọ́ sára àpò yẹn, ọjọ́ yẹn ni kóòtù ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ yín ṣí i. Àìmọye èèyàn ló ti ju àpò náà nù.

Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé. A ó pe ẹ̀gbọ́n, a ó pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà, a ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, a ó sì máa wá owó. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ààwẹ̀ tó parí, ìdajì ọjọ́ 14 ti lọ. Kó pe lọ́yà láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ wá máa gbàdúrà lọ.

Òótọ́ lọmọ mi sọ. Kí ló dé tí wọn ò gbà á gbọ́?

Nígbà mìíràn wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n sì tún kọ̀. Ìyẹn ló máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu jù.

Àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí ogúnléndé kò sọ pé ẹnikẹ́ni tí ayé ń ni lára lè gba ààbò. Ìdí márùn-ún ló kà: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá, ìgbàgbọ́ nípa ìṣèlú, tàbí pé èèyàn wà nínú ẹgbẹ́ kan láwùjọ tí wọ́n ń dojú kọ. Àìríṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Gbèsè kò sí níbẹ̀. Owó náírà tó ń já wálẹ̀ kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó ká wa lára tó.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì bọ́ sínú ìdí márùn-ún yẹn, wọ́n ṣì máa bi í ní ìbéèrè méjì mìíràn. Èkíní: ṣé ìjọba ilẹ̀ rẹ kò lè dáàbò bò ọ́? Èkejì, èyí ló ń gé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lulẹ̀: kí ló dé tí o kò kó kúrò ní Òṣogbo lọ sí Èkó, Àbújá tàbí Port Harcourt? Wọ́n á ní orílẹ̀-èdè yín tóbi, èèyàn ibẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, ta ni yóò wá ọ rí? Ẹni tó ń sá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹni tí wọ́n ń lépa lórí ilẹ̀ tàbí oyè, obìnrin tí mọ̀lẹ́bí ọkọ ń halẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè yìí. Bí ọmọ yín kò bá ní ìdáhùn tó ṣe pàtó sí i, ẹjọ́ yóò tún wó ní kóòtù bó ṣe wó lọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin. Nínú ìwádìí ìlera gbogbogbòò ti Nàìjíríà ní 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ga jù lọ: bí obìnrin 77 nínú 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 ni wọ́n ti dá abẹ́ fún. Ìyá tó bá sọ pé òun ń bẹ̀rù fún ọmọbìnrin òun kò purọ́. Ṣùgbọ́n Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tó ń dá ọ̀rọ̀ asylum, yóò ní òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ti ka ìwà náà léèwọ̀, àti pé bí ìyá àti bàbá ọmọ bá ti kọ̀ ọ́, ta ni yóò fi tipátipá mú ọmọ wọn ní Ìbàdàn tàbí Èkó? Ìyẹn ni ẹjọ́ náà gan-an. Ìyá náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ń halẹ̀, agbára tí ẹni náà ní, ohun tó ti ṣe rí, àti bó ṣe mọ ibi gbogbo tí wọ́n lè sá sí.

Ìdí mìíràn tí wọ́n fi ń kọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ta kora. Ọmọ yín sọ ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ pé oṣù Kẹta ni wọ́n wá bá òun, ó wá sọ oṣù Karùn-ún ní èkejì. Lójú tiwa, ìgbàgbé ni. Lójú tiwọn, irọ́ ni. Kí ó jókòó ti lẹ́tà náà pẹ̀lú lọ́yà, kí wọ́n dáhùn rẹ̀ ní ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kíké pé "ẹ ṣàánú mi" kò dáhùn ìpínrọ̀ kankan.

Tó bá pẹjọ́, èló ló máa ná wa? Ṣé wọ́n lè lé e kí ẹjọ́ tó parí?

Ní Ìlú Ọba, First-tier Tribunal, kóòtù tó kọ́kọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ni ẹjọ́ ń lọ. £80 ni bó bá fẹ́ kí adájọ́ fi ìwé nìkan dá a, £140 bó bá fẹ́ kí adájọ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu òun. Ẹ jẹ́ kó gba ti ẹnu. Adájọ́ tí kò rí ojú èèyàn, kí ló fẹ́ fi gbà á gbọ́? Ẹni tó bá ń gba owó ìrànwọ́ asylum lọ́wọ́ ìjọba kì í san owó yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ìjọba ń san owó lọ́yà fún. Wọn kì í lé èèyàn nígbà tí ẹjọ́ tó pè lásìkò ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ilé àti owó ìrànwọ́ á sì máa bá a lọ.

Bí lọ́yà tí ìjọba ń sanwó fún bá ní òun kò lè ṣe ẹjọ́ náà mọ́ nítorí pé kò dà bí ẹni tó lè borí, kí ọmọ yín béèrè fọ́ọ̀mù CW4. Fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún ìpinnu lọ́yà náà wò. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ló ń rántí sọ fún èèyàn pé ó wà.

Bó bá tún pàdánù níbẹ̀, ó lè béèrè ààyè láti lọ sí Upper Tribunal, kóòtù tó ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé adájọ́ àkọ́kọ́ ṣi òfin lò. Pé inú rẹ̀ kò dùn sí ìdájọ́ kò tó.

Èmi gan-an ni mo wà ní Ìlú Ọba, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́tà tèmi sọ pé mi ò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe, àbúrò mi. Ìlú Ọba ní àkójọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kà sí èyí tí kò léwu, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀ láti 2005, fún ọkùnrin nìkan. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin, wọ́n lè fi òǹtẹ̀ lù ú pé ọ̀rọ̀ rẹ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá lábẹ́ apá 94 òfin ìwé ìgbélùú wọn ti 2002. Tẹ́lẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pẹjọ́ láti Nàìjíríà. Láti 2022, ìyẹn náà ti lọ. Ọ̀nà tó kù ni kí lọ́yà bẹ kóòtù kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba tẹ̀lé òfin nígbà tó lu òǹtẹ̀ náà. Iṣẹ́ lọ́yà gidi nìyẹn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fúnra ẹ̀ kọ lóru. Wá lọ́yà lónìí.

Wọ́n ní kí àwa ará ilé kọ lẹ́tà. Kí ni ká kọ sínú rẹ̀?

Ohun tí ẹ fojú ara yín rí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ dín.

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti tẹ̀ kò wúlò, torí pé gbogbo wọn ló sọ ohun kan náà: "Ọmọ dáadáa ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá a padà, wọ́n máa pa á." Adájọ́ yóò bi ara rẹ̀ pé ta ni wọ́n, báwo ni ẹni yìí ṣe mọ̀? Ẹ kọ orúkọ yín, iṣẹ́ yín, àdúgbò yín, ohun tí ẹ jẹ́ sí ọmọ náà. Ẹ sọ ọjọ́ tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn wá sílé, iye wọn, ohun tí wọ́n wí ní Yorùbá gan-an bí wọ́n ṣe wí i, ẹni tó gbọ́ ọ. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́ náà, ẹ kọ pé ẹ kò rántí, pé ó jẹ́ ìgbà ọdún Ọ̀ṣun tàbí lẹ́yìn Iléyá. Ẹ fi fọ́tókọ́pì ìwé ìdánimọ̀ yín sí i àti nọ́ńbà fóònù tó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi DHL tàbí ilé iṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́, kí ọmọ yín tọ́jú àpò rẹ̀, torí ó jẹ́ ẹ̀rí pé láti Nàìjíríà ló ti wá lóòótọ́.

Àfidéfíìtì láti kóòtù dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwọn adájọ́ òkèèrè mọ bí a ṣe ń ṣe àfidéfíìtì níbí. Wọ́n mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà kóòtù lèèyàn ti ń rí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ fún un kí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n tó pé. Ìwé tí ọlọ́pàá fúnni ní teṣán tí wọ́n lọ fi ẹjọ́ sùn nígbà náà lọ́hùn-ún wúwo jù ú lọ. Ìwé ọsibítù tó gbé ọjọ́ tí wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ náà wúwo jù ú lọ gan-an.

Ẹnì kan ní kí n bá òun tẹ ìwé ọlọ́pàá tó ní ọjọ́ ọdún méjì sẹ́yìn. Mo ní mi ò ṣe. Ó bínú, ó ní ọmọ òun ni mo fẹ́ kí wọ́n dá padà. Ẹ gbọ́: àwọn tó ń wo ìwé wọ̀nyí ti rí ti Nàìjíríà tó kún àpótí. Wọn kì í wo ìwé kan lóun nìkan, wọ́n máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tó kù. Ìwé ayédèrú kan ṣoṣo dà bí ẹyin jíjẹrà kan nínú ọbẹ̀: kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ kó sì jẹ ìyókù. Bí wọ́n bá sì rí i, ó lè ṣí ọ̀nà ìfòfindè ọdún 10 fún fíísà lẹ́yìn ọ̀la.

Ọ̀gbẹ́ni kan lórí WhatsApp ní òun mọ èèyàn nínú Home Office. Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ló ń béèrè.

Olè ni. Ẹ má ta ilẹ̀ fún un.

Ní Ìlú Ọba, ẹni tí kì í ṣe lọ́yà tí kò sì forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Immigration Advice Authority, tó wá ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin. Títí di oṣù Kìíní 2025, OISC ni wọ́n ń pe àjọ náà. Kí ọmọ yín wá orúkọ ọ̀gbẹ́ni náà nínú àkójọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Gbogbo ẹjọ́ ti parí, ó pàdánù. Níbo ló máa sùn? Kí ló máa jẹ?

Ọ̀rọ̀ ibí yìí le. Bí kò bá ní ọmọ kékeré lọ́dọ̀, ìjọba Ìlú Ọba á fún un ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ rẹ̀ ti tán, lẹ́yìn náà ilé àti owó á dúró. Kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á síṣẹ́ lè san owó ìtanràn tó £45,000 lórí òun nìkan nígbà àkọ́kọ́, ìyẹn ni àwọn tó ń gbà á síbẹ̀ fi ń fi owó táṣẹ́rẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, torí wọ́n mọ̀ pé kò lè fẹjọ́ sùn.

Ìrànwọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Section 4. Yàrá ni, àti owó orí káàdì tó jẹ́ £49.18 lọ́sẹ̀ ní 2025. Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Wọ́n ń fún ẹni tí kò ní ohunkóhun, tó sì ní ọ̀kan nínú ìdí wọ̀nyí: ó ti ń gbé ìgbésẹ̀ láti padà sílé, àìsàn kò jẹ́ kó lè rìnrìn àjò, kóòtù ti gbà láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lórí ohun tí ìjọba ṣe, tàbí lílé e síta yóò tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí irú ẹni tó ti gbé ẹ̀rí tuntun lọ tí wọn ò tíì dá lóhùn.

Ní ti ìlera, dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní England, pàjáwìrì náà kò gbowó. Ọ̀rọ̀ ọsibítù ńlá ló lè mú gbèsè wá, ẹni tó bá wà lórí Section 4 kò sì ní san ìyẹn náà. Ìyá aláboyún kan gbọ́dọ̀ mọ èyí kó má baà fi ìbẹ̀rù jókòó sílé.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè mú un níbi tó ti ń lọ buwọ́ lùwé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ní kí wọ́n máa wá fi ara hàn lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù, irú bí Lunar House ní Croydon. Nígbà mìíràn ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn lọ sí àtìmọ́lé bí Harmondsworth ní ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú Heathrow, tàbí Brook House ní Gatwick. Àmọ́ àìlọ burú jù ú lọ. Ẹni tí kò lọ ti di ẹni tó sá, ìyẹn ni wọ́n á sì fi kọ béèlì rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Kó há nọ́ńbà lọ́yà rẹ̀ àti ti ará ilé kan sórí, torí wọ́n lè gba fóònù tó ní kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó fi ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé lè béèrè béèlì lọ́wọ́ First-tier Tribunal, fọ́ọ̀mù B1 ni. Ẹni tó máa ṣe onídùúró ràn án lọ́wọ́ bí ó bá ní àdírẹ́sì tó dúró. Nàìjíríà àti Ìlú Ọba fọwọ́ sí àdéhùn lórí dídá àwọn èèyàn padà ní 2022. Ọmọ Ọ̀ṣun wa náà, Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá tó ti ṣe gómìnà, ló fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bíi mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ní oṣù Kẹwàá 2024, bàálù kan ṣoṣo kó èèyàn 44 padà sí Nàìjíríà àti Gánà. Áílàǹdì náà fi bàálù kó èèyàn 35 wá sí Èkó ní oṣù Kẹfà 2025, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bani. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé "wọn kì í lé ọmọ Nàìjíríà."

Ṣé ó lè béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ó lè gbé ẹ̀rí tuntun lọ. Wọ́n ń pè é ní "fresh claim" níbẹ̀. Ohun tó gbé lọ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ti gbé yẹ̀ wò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè mú kí adájọ́ kan ronú ọ̀tọ̀. Ìtàn àtijọ́ tí wọ́n kàn tún kọ lédè tó dán kò tó. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn tó lọ, bíi kí wọ́n dáná sun ilé tàbí kí wọ́n mú àbúrò rẹ̀, ẹ̀yin ará ilé lẹ wúlò jù níbí. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ẹjọ́ sùn ní teṣán lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ gba ìwé.

Ṣé kó wá ẹni tó ní ìwé fẹ́?

Bí ó bá nífẹ̀ẹ́ ẹni náà, kó fẹ́ ẹ. Bí torí ìwé bá ni, kó gbàgbé ẹ̀. Àwọn tó ń so yìgì níbẹ̀ ń fi orúkọ irú àwọn wọ̀nyí ránṣẹ́ sí Home Office, wọ́n sì lè sún ìgbéyàwó síwájú di ọjọ́ 70 láti fi wádìí. Òfin 2002 tún sọ fún adájọ́ pé kó má ka ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn kò ní ìwé sí púpọ̀.

Ti ọmọ yàtọ̀. Bí ó bá ní ọmọ tó jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba, tàbí tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 7 léra léra, tó sì ń tọ́ ọ lóòótọ́, adájọ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ bóyá ó bójú mu kí ọmọ náà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe àṣìmọ̀: ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í di ọmọ Ìlú Ọba nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí nìkan. Láti 1983 ni ìyẹn ti dópin.

Kó kúkú sá lọ sí Jámánì, ṣé kò ní dára?

Bí ó bá ti tẹ̀ka ní Ítálì tàbí ní ilẹ̀ mìíràn nínú European Union, ìka náà ti wà nínú Eurodac, àkójọ ìtẹ̀ka tí àwọn ilẹ̀ náà jọ ń lò. Jámánì á rí i, wọ́n á sì fẹ́ dá a padà síbi tó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí Jámánì fúnra rẹ̀ kọ̀ tí wọn ò sì rí lé, wọ́n lè fún un ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Duldung. Kì í ṣe ìwé ìgbélùú. Ohun tó ń sọ ni pé ó yẹ kó o lọ, a kàn dá lílé ẹ dúró ná. Mo ti rí àwọn tó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sórí Facebook pé "Ọlọ́run ti ṣe é", tí ilé sì pa adìyẹ. Ohun kan wà níbẹ̀ tó níye lórí ṣá: bí ó bá rí ibi kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́nà tí òfin wọn là sílẹ̀, Duldung náà lè dúró di ìgbà tó bá parí, ìwé gidi sì lè tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ń fi orúkọ tàbí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pa mọ́ kì í rí èyí, wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Kánádà ni tèmi wà. Wọ́n fún un ní ìwé pé kó kúrò láàárín ọjọ́ 30.

Bí ó bá ti pinnu láti wálé, kó má kàn gun bàálù. Kó lọ bá CBSA, àwọn aṣọ́bodè Kánádà, ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti lọ. Bí ọjọ́ 30 bá kọjá, tàbí bó bá lọ láìjẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà di àṣẹ ìlékúrò, yóò sì máa tọrọ àyè pàtàkì ní ìgbàkígbà tó bá fẹ́ padà wọ Kánádà láyé rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì.

Bàbá rẹ̀ ní kó máa bọ̀ wálé. Èmi ò fẹ́, ojú á tì wá. Kí lẹ rí sí i?

Tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pinnu lẹ́yìn tó bá ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu níbí ní tòótọ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kó máa bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojú àwọn ará Ọjà Ọba lẹ ń wò, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: àwọn ará Ọjà Ọba kọ́ ló ń sùn sórí àga ìjókòó nílé ọ̀rẹ́ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n.

Bí ó bá gbà láti wá, ọ̀nà tó gbà wá ṣe pàtàkì. Ètò ìpadàbọ̀ àtinúwá wà ní Ìlú Ọba: wọ́n á san owó bàálù, wọ́n sì lè fún ẹni tó yẹ ní owó tó £3,000 lórí káàdì tí yóò máa lò nígbà tó bá délé. Jámánì náà ní tiwọn, wọ́n sì ní ọ́fíìsì kan ní Èkó tó ń ran àwọn tó padà dé lọ́wọ́ láti wá iṣẹ́. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ lọ yóò dúró fún oṣù 12 kó tó lè gba ọ̀pọ̀ nínú fíísà wọn. Ẹni tí ìjọba sanwó fún tó tètè lọ láàárín oṣù 6 yóò dúró ọdún 2. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ọdún 5. Ẹni tí wọ́n fi agbára lé, ọdún 10. Ẹ fi ìyẹn wé owó bàálù kan, kẹ́ ẹ tó sọ pé kó dúró kí wọ́n wá mú un.

Bó bá dé Èkó, ṣé wọ́n á tì í mọ́lé torí pé ó sọ̀rọ̀ Nàìjíríà láìdáa?

Rárá. Bíbéèrè asylum kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin wa, Home Office kì í sì í sọ fún ẹ́ńbásì Nàìjíríà pé ẹnì kan béèrè rẹ̀. Bí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá ti sọnù tàbí ó ti parí, ẹ́ńbásì á fún un ní ìwé ìrìnnà pàjáwìrì. Àwọn Immigration á bi í ní ìbéèrè ní pápákọ̀. Bó bá jẹ́ inú bàálù tí wọ́n fi kó wọn ló wà, NEMA, àjọ pàjáwìrì ti Nàìjíríà, sábà máa ń wà níbẹ̀ láti gbà wọ́n. Kí ẹnì kan láti ilé lọ pàdé rẹ̀. Àwọn kan máa ń dé láìní kọ́bọ̀ tí wọ́n fi máa wọ mọ́tò dé Òṣogbo.

Ó ti dé, ó wà nílé. Ó ní òun ò fẹ́ rí ìwé Home Office kankan mọ́, ó fẹ́ dáná sun gbogbo rẹ̀.

Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ fi pa mọ́. Ọjọ́ tó bá tún fẹ́ gba fíísà, ìbáà jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti iṣẹ́, fọ́ọ̀mù á bi í bóyá wọ́n ti kọ̀ ọ́ rí ní ilẹ̀ kankan, ọjọ́ wo, àti ọ̀nà wo ló gbà kúrò. Kò ní lè dáhùn ọ̀rọ̀ yẹn láti orí. Ẹni tó kọ "rárá" níbi tó yẹ kó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọdún 10 mìíràn. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀, ìdájọ́ kóòtù, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó gbé e wálé àti ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó ń lọ, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan. Bó bá fẹ́, kó wá, mo lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà fún un.